Lẹ́tà sí ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá: ẹ fi 1,329 yẹn sílẹ̀, ẹ sọ ìtàn Friedenreich fún wa

Sí gbogbo ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kí àwa tí a wà nínú ọkọ̀ èrò, nínú ṣọ́ọ̀bù, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lálẹ́ àná tí kò síná. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú yín. Ẹni tó ń gbọ́ ètò yín lójoojúmọ́ ló lè mọ ibi tó ti ń jò.

Láti ìgbà tí Cristiano Ronaldo ti kọjá 900 góòlù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àríyànjiyàn lórí ẹgbẹ̀rún góòlù kò kúrò lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹnìkan á ní Pelé ló ni ín, pé 1,279 ló wà nínú ìwé Guinness. Òmíràn á ní Romário náà kà á pé lọ́dún 2007. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ ká mọ̀ pé òun gbọ́n ju gbogbo wọn lọ á wá là á mọ́lẹ̀: "Ẹ ò tíì dé ibì kankan! Ọkùnrin kan wà ní Brazil láyé àtijọ́, Arthur Friedenreich, 1,329 lòun gbá wọlé." Ariwo á sọ nínú sítúdíò. Ẹ ó fi orin sí i, a ó sì bọ́ sórí ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, 1,329 yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé òǹkà yẹn nìkan ṣoṣo là ń gbọ́ nípa ọkùnrin náà. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ dárúkọ iye, ó parí. Bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ góòlù kúrò pátápátá, ìtàn ọkùnrin yìí ṣì pọ̀ ju ohun tí ètò ọ̀sẹ̀ kan lè gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí òǹkà náà ti wá. Oscar, bàbá Friedenreich, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ góòlù ọmọ rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ọmọ wá dé ẹgbẹ́ Paulistano ní ìlú São Paulo, Mário de Andrada, tí wọ́n jọ ń gbá iwájú, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá, ó sì ń bá a lọ títí Friedenreich fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1962, Mário sọ fún akọ̀ròyìn kan tí wọ́n ń pè ní De Vaney pé gbogbo rẹ̀ wà nílé òun ní kíkọ: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,329, góòlù 1,239. Akọ̀ròyìn ń retí ìwé. Ìwé ò tíì jáde tí Mário fi kú. De Vaney gbé òǹkà náà síta bẹ́ẹ̀, láìfojú kan ìwé kankan, nígbà tó sì fi máa tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti di iye góòlù. Ẹ wo àwọn òǹkà méjèèjì dáadáa. 3 àti 2 ló pààrọ̀ àyè lásán, góòlù 90 sì já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexandre da Costa jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹni tó gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Góòlù 554 ló rí, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 561.

Ẹ tún fi ọgbọ́n orí ṣírò rẹ̀. Láti 1909 tó bẹ̀rẹ̀ títí dé 1935 tó fẹ̀yìn tì, ọdún 26 ni. Kí 1,329 tó lè pé, ó ní láti máa gbá ju 50 wọlé lọ́dọọdún, láìsí ọdún kan tó fi sinmi, láìsí ọdún kan tó fi fara pa. Ìgbà wo sì ni? Ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, tí líìgì São Paulo kò ní ju ẹgbẹ́ díẹ̀ lọ. Kò sí Champions League, kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àárín ọ̀sẹ̀ lábẹ́ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ti máa rí wọn gbá?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní mo fẹ́ bu ọkùnrin náà kù. Rárá o. 554 nínú 561 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ góòlù kan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, fún ọdún 26 gbáko. Lọ́dún 1928 nìkan, nígbà tó ti lé ní ọdún 36, ó gbá méje wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí Paulistano na União da Lapa ní 9-0. Ó tún ta pẹnáríìtì nù lọ́jọ́ yẹn náà. Ta ló wá nílò ká bá a parọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1892 ni wọ́n bí i sí São Paulo. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà ni Brazil ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn ẹrú sílẹ̀, òun ló sì gbẹ̀yìn nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti òkè àti ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ìran Jámánì. Mathilde, ìyá rẹ̀, jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti oko ẹrú jáde. (Mo mọ ètò yín dáadáa: ẹnìkan á pè wọlé pé Yorùbá pọ́ńbélé ni ìyá náà, pé Ìjẹ̀ṣà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ onítọ̀hún, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tún bí 1,329 mìíràn.) Ojú ọmọ náà ní àwọ̀ ewé, irun rẹ̀ sì jẹ́ ti ìyá.

Lásìkò náà, bọ́ọ̀lù Brazil, ọ̀rọ̀ ọmọ olówó ni. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun ló ni pápá, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin á dé fìlà, àwọn ọkùnrin á so táì wá wòran. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ń gbá tirẹ̀ ní gbàgede, lórí ilẹ̀ tí odò fà kúrò. Orúkọ Jámánì tí bàbá fún Friedenreich ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Germânia, ẹgbẹ́ tí àwọn ìran Jámánì dá sílẹ̀ ní São Paulo. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1909. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ Silva, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Brazil, ńkọ́? Mo máa ń rò ó.

Ọ̀rọ̀ irun rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ sọ lórí afẹ́fẹ́ ju góòlù lọ. Kí ó tó wọ pápá, á jókòó sínú yàrá ìmúra, á fi ìpara pa irun rẹ̀ dáadáa, á fi kóòmù fà á mọ́ orí, á wá mú táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná, á fi wé e bí ẹni wé láwàní, á dúró títí irun náà á fi sùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti jáde. Rẹfirí á ti dúró láàárín pápá. Òǹwòran á máa pariwo. Òun ni gbogbo wọn ń dúró dè. Atamátàsé tó dára jù lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò tó gbá, kò lè gbé irun orí rẹ̀ jáde síta bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Òun nìkan kọ́ o. Lọ́dún 1914 ní Rio, Carlos Alberto kúrò ní ẹgbẹ́ América bọ́ sí Fluminense, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá. Aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ni. Wọ́n ní ó máa ń kun àtíkè ìrẹsì sójú kó tó jáde, òógùn á sì máa fọ̀ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀ bí eré bá ṣe ń lọ. Nígbà tó pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, àwọn alátìlẹ́yìn América fi igbe bọnu: "Àtíkè ìrẹsì! Àtíkè ìrẹsì!" Títí di òní olónìí, orúkọ náà ò kúrò lára Fluminense. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ti sọ ọ́ di ohun amúyangàn, àtíkè ni wọ́n ń dà sókè nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ń jáde bọ̀.

Ọdún 1914 yẹn náà ni Brazil kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè jọ, tí wọ́n fi pàdé Exeter City láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Rio. 2-0 ni Brazil fi borí. Friedenreich pàdánù eyín méjì níbẹ̀. Ó jáde, wọ́n tọ́jú ẹnu rẹ̀, ó padà wọlé.

Wàyí o, 1919. Ìdíje ife ẹ̀yẹ gúúsù Amẹ́ríkà yẹ kó wáyé ní Rio lọ́dún 1918, àmọ́ àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa èèyàn káàkiri ayé lọ́dún yẹn kò jẹ́. Oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbá a, ní pápá Laranjeiras. Brazil na Chile 6-0, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti Friedenreich. Wọ́n na Argentina 3-1. Àwọn àti Uruguay, tí ife wà lọ́wọ́ wọn, gbá 2-2. Àmì wọn dọ́gba, wọ́n ní láti tún un gbá.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni. Ìṣẹ́jú 90 parí, kò sẹ́ni tó gbá wọlé. Wọ́n fi 30 kún un, òfìfo náà ni. Kò sí pẹnáríìtì àgbáparí láyé ìgbà yẹn, kò sì sí ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún tó bẹ̀rẹ̀ eré náà ló ṣì wà lórí pápá. Wọ́n ní kí wọ́n tún gbá 30 mìíràn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí Neco gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, Heitor yìn ín, aṣọ́lé Saporiti fọwọ́ gbá a padà, Friedenreich wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kó balẹ̀. 1-0. Wọ́n gbá ìyókù títí ó fi pé ìṣẹ́jú 150, kò sì yí padà. Brazil gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn ará Uruguay fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Ẹkùn. Ṣọ́ọ̀bù oníwúrà kan ní Rio gbé bàtà tó fi gbá a wọlé sẹ́yìn gíláàsì, àwọn èèyàn ń tò wá wò ó láàárín ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka. Pixinguinha, ọ̀gá olórin aláwọ̀ dúdú, fi góòlù yẹn ṣe orin, ẹni tó bá lọ sí Rio lónìí ṣì lè gbọ́ ọ níbi tí wọ́n bá ti ń fun fèrè. (Ìdíje yẹn ò sì jẹ́ ayọ̀ fún gbogbo wọn. Roberto Chery, aṣọ́lé Uruguay tó fara pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Chile, kú sí Rio ní ọjọ́ kejì tí Brazil gba ife. Ẹni ọdún 23 ni.)

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lọ́dún 1920, Brazil ti Chile ń bọ̀ wálé, wọ́n yà sí Buenos Aires láti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ìwé ìròyìn Crítica ya àwòrán wọn ní ọ̀bọ. Inú bí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan dé ibi pé wọn ò jáde lọ sí pápá. Nígbà tí ìdíje 1921 wá bọ́ sí Buenos Aires yìí kan náà, ẹ rò ó wò: ta ló yẹ kí Brazil bá wí? Àwọn tí wọ́n bú gan-an ni wọ́n bá wí. Ìtàn gbé e dé ọ̀dọ̀ wa pé Ààrẹ Epitácio Pessoa fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má mú aláwọ̀ dúdú tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dàpọ̀ dání, kí orílẹ̀-èdè má baà di ẹni ẹ̀sín. Èyí kì í ṣe àgbọ́sọ bíi ti 1,329. Lima Barreto, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Rio, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Careta lọ́dún 1921 náà, ó fi àwọn ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù tó jókòó ń wọn dúdú ara èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ tó gún wọn dé egungun.

Ẹkùn ò lọ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí bàtà rẹ̀ wà láàárín wúrà. Brazil gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ní Buenos Aires, wọ́n pàdánù méjì, Argentina ló gba ife.

Táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná yẹn ò ràn án lọ́wọ́. Orúkọ Jámánì ò ràn án lọ́wọ́. Ìdí rèé tí inú mi fi ń bàjẹ́ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ tí ẹ sì kọjá lọ sórí òǹkà. Lónìí tí wọ́n ń ké bí ọ̀bọ sí Vinícius Júnior, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Brazil, ẹ̀yin lẹ máa ń béèrè pé ìgbà wo ni èyí bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹni tó lè dá yín lóhùn wà lẹ́nu yín, ẹ fi ń ka góòlù.

Ìyókù ìrìnàjò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. Wọ́n pè é padà fún ìdíje 1922, Brazil sì gba ife náà. Lọ́dún 1923, Vasco da Gama kó aláwọ̀ dúdú àti òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n gba ife Rio mọ́ àwọn ọlọ́lá lọ́wọ́. Nígbà tó di 1924, àwọn ọlọ́lá dá àjọ tuntun sílẹ̀, wọ́n ní kí Vasco yọ agbábọ́ọ̀lù 12 kúrò kó tó lè wọlé. Vasco kọ lẹ́tà pé àwọn ò yọ ẹnì kankan. Nǹkan ń yí padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Ẹkùn náà ń lọ.

World Cup àkọ́kọ́ wáyé ní Uruguay lọ́dún 1930. Ìjà àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù Rio àti ti São Paulo kò jẹ́ kí àwọn ọmọ São Paulo lọ, àfi Araken nìkan. Friedenreich pé ọdún 38 nígbà tí ìdíje náà ń lọ lọ́wọ́, nílé. Kò gbá World Cup kankan rí. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi gbajúmọ̀ lágbàáyé nìyẹn, mo rò pé ìdí náà nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi di òǹkà tí kò lẹ́rìí mú ṣinṣin. Wọ́n fẹ́ ohun tí ayé á fi rántí rẹ̀. Mi ò bá wọn jà fún ìyẹn.

Lọ́dún 1932, São Paulo gbé ìjà ko ìjọba Getúlio Vargas. Ẹni ogójì ọdún yìí gbé ìbọn, ó bá àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ sójú ogun. Ó padà bọ̀, ó tún gbá bọ́ọ̀lù! Ọdún 1935 ló tó gbé bàtà kọ́, ní Flamengo, lẹ́ni ọdún 43. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí Antarctica, ó darúgbó, iyè rẹ̀ sì ń ra díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú ní São Paulo ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Pelé fi gbá pẹnáríìtì ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wọlé ní Maracanã.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má sọ 1,329 mọ́. Bí ẹni tó pè wọlé bá sọ ọ́, ẹ béèrè ìwé Mário de Andrada lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iye bá di dandan, 554 wà níbẹ̀, ẹnìkan ló jókòó kà á. Kí ẹ sì fún ọkùnrin yìí ní ètò tirẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ìpolówó.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ tí olùgbọ́ ò fi ní yí rédíò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Paris, oṣù kẹta ọdún 1925. Paulistano wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, ẹgbẹ́ Brazil àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Faransé jáde wá wo àwọn àjèjì tó ti òkèèrè wá gba ìyà. Paulistano na ẹgbẹ́ Faransé 7-2. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ pè wọ́n ní ọba bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ní Faransé, Switzerland àti Portugal, wọ́n borí nínú 9. Cette, ìlú kékeré kan létí òkun gúúsù Faransé, nìkan ló nà wọ́n, 1-0, wákàtí kan gbáko sì wà fún yín láti fi yẹ̀yẹ́ ìyẹn nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, èmi náà á pè wọlé, bí kírẹ́díìtì bá wà lórí fóònù mi.

Èmi ni olùgbọ́ yín tòótọ́,
láti Ìbàdàn.